Ṣé èdè ẹni lè dí ẹni lọ́wọ́ àtironú nípa Ọlọ́run?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Olùkọ́ wa kan sọ ní kíláàsì pé èdè Gíríìkì ló bí fìlọ́sọ́fì, torí pé ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan pàtó fún 'wíwà'. Ó ní ẹ̀yà tí èdè wọn ò bá ní irú rẹ̀ lè gbàdúrà, wọ́n lè pa ìtàn, ṣùgbọ́n wọn ò lè ronú jinlẹ̀ nípa Ọlọ́run. Bí mo ṣe ń ro ìyẹn lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ mi kan tún sọ fún mi pé ìwé mímọ́ tí mò ń kà ní èdè abínibí mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gan-an, pé ìtumọ̀ lásán ni. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ṣé èdè tí wọ́n bí mi sí lè dí mi lọ́wọ́ àtimọ Ọlọ́run ni? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú yìí ti da ọ̀pọ̀ àgbà láàmú ṣáájú rẹ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ló lọ́ mọ́ra nínú ìwé rẹ, bí a ò bá sì tú wọn síra, èsì tó yẹ ọ̀kan á ba èkejì jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé, ṣé èdè ló ń pinnu ohun tí orí lè rò? Ìkejì ni pé, ṣé ọ̀rọ̀ mímọ́ ṣì jẹ́ ohun tó jẹ́ tí wọ́n bá gbé e kúrò nínú èdè tó kọ́kọ́ wà lọ sínú òmíràn? Ti àkọ́kọ́ ni olùkọ́ rẹ ń sọ, ti ìkejì ni ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ. Lójú tèmi, olùkọ́ rẹ rí òótọ́ kan, ó wá fà á kọjá ibi tó yẹ kó dé. Ọ̀rẹ́ rẹ náà rí òótọ́, àmọ́ bí òótọ́ yẹn ṣe wúwo tó yàtọ̀ láti ẹ̀sìn kan sí òmíràn. Jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èrò pé ohun tí èdè kan ò bá ti ní orúkọ fún, ẹni tó ń sọ èdè náà ò lè rò ó, ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ di olókìkí ní ọ̀rúndún ogún ni Benjamin Lee Whorf, ará Amẹ́ríkà, tó ń ṣiṣẹ́ ayẹ̀wò ewu iná fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò, tó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè lọ́dọ̀ Edward Sapir. Whorf kọ ọ́ pé èdè àwọn Hopi, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní Arizona, kò ní ọ̀rọ̀ tó tọ́ka tààrà sí àkókò bí àwọn ará Yúróòpù ṣe mọ̀ ọ́n, ó sì tibẹ̀ sọ pé ojú tí wọ́n fi ń wo ayé yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì tàn ká. Ní 1983, Ekkehart Malotki, onímọ̀ èdè tó bá àwọn Hopi ṣiṣẹ́, gbé ìwé ńlá kan jáde tó kún fọ́fọ́ fún ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn tí wọ́n fi ń sọ àná, ọ̀la, oṣù, ìgbà tó ti lọ àti èyí tó ń bọ̀. Whorf ti kú láti 1941, kò sí láyé láti fèsì. Látìgbà tí mo ti ń kọ́ni, mo ti rí i pé ẹni tó máa ń yára sọ pé "wọn ò ní ọ̀rọ̀ fún un", ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tíì bi àwọn tó ni èdè léèrè. Bí wọn ò bá tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún nǹkan, wọ́n lè fi gbólóhùn mẹ́ta sọ ọ́, kó sì yé ẹni tó ń gbọ́.

Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ Whorf kéré ju bó ṣe rò lọ, àmọ́ ó wà. Ní 1959, Roman Jakobson, onímọ̀ èdè, sọ ọ́ lọ́nà tó tẹ́ mi lọ́rùn: kò sí ohun tí èdè kan ò lè sọ, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni ohun tí èdè kọ̀ọ̀kan ń fi dandan mú ẹni sọ. Wo Ẹ̀mí Mímọ́. Lédè Hébérù, ruach, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹ̀mí, sábà máa ń jẹ́ abo nínú gírámà. Pneuma ti Gíríìkì kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Spiritus ti Látìnì, akọ ni. Àwọn Kristẹni ìgbàanì tó ń sọ Síríákì, èdè tó bá Hébérù tan, máa ń fi ẹ̀dà abo pe Ẹ̀mí, wọ́n sì ń fi í wé ìyá nínú orin àti àdúrà wọn. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 400, àwọn òǹkọ̀wé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi akọ pe Ẹ̀mí, láìka ohun tí gírámà wọn wí sí. Gírámà ló kọ́kọ́ ti orin síbì kan, ẹ̀kọ́ ìsìn wá dé, ó fa gírámà padà. Nínú ìtàn kékeré yẹn, o lè rí bí agbára èdè ṣe tó, o sì lè rí ibi tó mọ.

Àwa náà ní tiwa. "Ó" tí à ń lò fún ẹnìkẹta kò mọ akọ, kò mọ abo, torí náà àríyànjiyàn pé ṣé ọkùnrin ni Ọlọ́run, tó gba ẹnu àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì jọ́sìn, kì í ti inú gírámà wa jáde. Ohun tí èdè wa ń fi dandan mú wa lé lórí ni ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá ju ẹni lọ, "ẹ" là ń lò fún un, ọ̀rọ̀ kan náà tí à ń lò fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Báwo la ó ṣe wá bá Ọlọ́run kan ṣoṣo sọ̀rọ̀? Bíbélì Yorùbá mú "ìwọ", tí kò lè mú ẹnikẹ́ni rò pé ọlọ́run púpọ̀ ni. Lónìí, ọ̀pọ̀ ló ń gbàdúrà pé "Ẹ ṣeun, Bàbá", torí ẹnu wọn ò gbà á láti fi "o" pe ẹni tó ju gbogbo àgbà lọ. Ẹ̀kọ́ nípa jíjẹ́ ọ̀kan ń fà síhìn-ín, ẹ̀kọ́ nípa títóbi ń fà sọ́hùn-ún, bí o bá sì ti lanu báyìí, o ti yan ọ̀kan. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì òde òní gbàdúrà lè wà láyé títí kó má bá ìṣòro yìí pàdé rí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ "wíwà" tí olùkọ́ rẹ gbé dìde. Ibi tó ti wá dára ju bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún yín lọ. Ní 1958, Émile Benveniste, onímọ̀ èdè ará Faransé, kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi hàn pé ìpín mẹ́wàá tí Aristotle, onífìlọ́sọ́fì Gíríìkì, pín ọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà sí (ohun fúnra rẹ̀, bó ti pọ̀ tó, bó ti rí, ibi tó wà, ìgbà tó jẹ́ àti àwọn yòókù) bá ìpín gírámà Gíríìkì mu wẹ́kú. Aristotle rò pé ayé lòun ń kà, èdè ẹnu rẹ̀ ló ń kà. Benveniste sọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, einai, ló ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ní Gíríìkì, ó sì rọrùn láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ó wá gbé èdè Ewe, tí wọ́n ń sọ ní Tógò àti Gánà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún ló pín iṣẹ́ yẹn ṣe: ọ̀kan fún ohun tí nǹkan jẹ́, ọ̀kan fún wíwà, kódà ọ̀kan wà fún ẹni tó wà nípò ọba. Kò ní ya ẹni tó ń sọ Yorùbá lẹ́nu. À ń sọ pé "olùkọ́ ni", "ó jẹ́ olùkọ́", "ó wà nílé", "ó rí báyìí", "ó jọba", tí a bá sì ní "ó ga", a ò nílò ọ̀kankan nínú wọn. Níbi tí Gíríìkì ti rí ìbéèrè kan ṣoṣo, pé kí ni wíwà, èdè wa á kọ́kọ́ bi ọ́ pé èwo nínú wọn lò ń wí. Benveniste ò sọ pé àwọn Ewe ò lè ronú o. Ohun tó wí ni pé èdè Gíríìkì ṣí ilẹ̀kùn ìbéèrè kan sílẹ̀ fún àwọn onírònú rẹ̀.

Olùkọ́ rẹ wá gbé e kọjá ibẹ̀, pé ẹni tí èdè rẹ̀ ò bá ní ilẹ̀kùn yẹn, ìta ló máa wà. Àwọn Lárúbáwá ni wọ́n tú u fó, wọn ò sì fi ẹnu lásán tú u. Lédè Lárúbáwá, tí o bá fẹ́ sọ pé olódodo ni Zayd, wàá ní "Zayd, olódodo", gbólóhùn ti pé nìyẹn, kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan láàárín. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ ìwé Gíríìkì ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, nígbà ayé atúmọ̀ Hunayn ibn Ishaq tó kú ní 873, kò sí ohun tí wọ́n lè fi rọ́pò einai. Al-Farabi, onífìlọ́sọ́fì tó kú ní 950, ṣàlàyé ọgbọ́n tí wọ́n dá: àwọn kan mú huwa, tó túmọ̀ sí "òun", wọ́n fi í ṣe ìdè gbólóhùn. Àwọn mìíràn mú mawjud, tó jẹ́ "ohun tí a rí" láti ìpìlẹ̀ rẹ̀. Al-Farabi kìlọ̀ pé kí òǹkàwé má ro wíwá àti rírí tí mawjud ń sọ tẹ́lẹ̀, kó gbà á bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ rọ bẹ́ẹ̀ ni onífìlọ́sọ́fì Ibn Sina (980 sí 1037) gbà, ó sì fi í ya ohun tí nǹkan jẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára pé nǹkan ọ̀hún wà, lọ́nà tó mọ́ ju bí àwọn Gíríìkì ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ó ní gbogbo ohun mìíràn lè wà, ó lè má wà, Ọlọ́run nìkan ni wíwà rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ohun tó jẹ́. Wọ́n túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí Látìnì, Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn Kátólíìkì, kà á ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ó sì fi í ṣe òpó ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ nípa wíwà Ọlọ́run tí wọ́n ń kọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún gba inú èdè tí kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn kọjá, ibẹ̀ ló sì ti mú sí i. Bi olùkọ́ rẹ léèrè ohun tó máa fi ìyẹn ṣe.

Ìyàn yìí gan-an ti wáyé ní Baghdad kan náà, ní ọ̀rúndún kẹwàá, níwájú olóyè ìjọba kan. Abu Bishr Matta, onílọ́jíìkì, ní lọ́jíìkì kì í ṣe ti ẹ̀yà kan, pé mẹ́rin àti mẹ́rin jẹ́ mẹ́jọ níbi gbogbo. Al-Sirafi, onígírámà, dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ èèyàn kì í ṣe ìṣirò: èdè Gíríìkì lò ń pè wá sí, ìwọ fúnra rẹ ò sì gbọ́ ọ (inú Síríákì ni Matta ti ń túmọ̀ lóòótọ́). Ó wá bi í ní ọ̀rọ̀ kékeré kan: ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín "Zayd ló dára jù nínú àwọn arákùnrin" àti "Zayd ló dára jù nínú àwọn arákùnrin rẹ̀"? Matta ní méjèèjì tọ́. Al-Sirafi ní rárá, Zayd kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin ara rẹ̀, gbólóhùn kejì ti ṣubú. Àwọn tó kọ ìtàn náà ní al-Sirafi ló borí. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, síbẹ̀ mi ò gbà pé ó borí tán. Ó fi hàn pé ẹni tí kò bá gbọ́ èdè dáadáa á ṣi lọ́jíìkì lò. Àmọ́ àlàyé tó fi ṣẹ́gun Matta, pé èèyàn ò lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin ara rẹ̀, wàá rí i pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Yorùbá sọ ọ́ fún ọ tán, ó sì yé ọ. Matta náà ní ìdí tirẹ̀.

Ní Áfíríkà, àwọn kan gbìyànjú láti yí irú ọ̀rọ̀ Benveniste padà sí èrè wa kí ó tó kọ ọ́ pàápàá. Alexis Kagame, àlùfáà Kátólíìkì ní Rùwáńdà, gbé ìwé jáde ní 1956 tó fi ìsọ̀rí ọ̀rọ̀-orúkọ Kinyarwanda yọ fìlọ́sọ́fì: muntu fún ohun tó ní làákàyè, kintu fún èyí tí kò ní, hantu fún ibi àti ìgbà, kuntu fún bí nǹkan ṣe rí. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Paulin Hountondji, onífìlọ́sọ́fì ará orílẹ̀-èdè Benin, sọ lẹ́yìn náà pé ìyẹn ò tó, pé èèyàn tó dìde sọ èrò tirẹ̀, tí ẹlòmíràn sì jà á níyàn, ló ń ṣe fìlọ́sọ́fì, gírámà ò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe é. Ẹ̀yìn Hountondji ni mo wà. Bí a bá ní àwọn baba wa ti ro ohun gbogbo tán sínú gírámà, a ti ní kí àwa má ronú mọ́ nìyẹn.

Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ti Kwasi Wiredu, onífìlọ́sọ́fì ará Gánà, tó kú ní 2022. Ó ní tí o bá pàdé ìjiyàn fìlọ́sọ́fì tàbí ti ẹ̀sìn ní èdè àjèjì, gbé e wá sí èdè tìrẹ, kí o wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i. Bó bá ṣì dúró, ìṣòro gbogbo ènìyàn ni. Bó bá fọ́, má tíì sáré: ó lè jẹ́ pé èdè rẹ ò tíì rọ ọ̀rọ̀ tó yẹ, ó sì lè jẹ́ pé gírámà àwọn yẹn ló bí ìṣòro náà. Àpẹẹrẹ tirẹ̀ ni "mo ń rò, nítorí náà mo wà" ti Descartes, onífìlọ́sọ́fì ará Faransé. Lédè Akan, tí wọ́n ń sọ ní Gánà, gbólóhùn tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan wà, wɔ hɔ, ní "níbẹ̀" nínú: ohun tó bá wà, ibì kan ló wà. Descartes sì fẹ́ ọkàn tó wà láìsí níbì kankan. Wiredu ní ẹni tó ń fi Akan ronú kò ní gba ìyẹn kọjá láìbéèrè, àti pé kí wọ́n tó ní kó gbà pé Ọlọ́run dá ayé láti inú àìsí, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìyẹn ń wí. Yorùbá ò dà bí Akan níbí, torí a lè sọ pé "Ọlọ́run wà" ká sì dákẹ́ síbẹ̀. Nítorí náà, má gba ìdájọ́ Wiredu fún Akan bí ìdájọ́ fún gbogbo aláwọ̀ dúdú. Ìdánwò rẹ̀ ni kí o gbà.

Fún tiwa, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn, wọ́n bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lo "mọ̀" àti "gbàgbọ́". Ìwé wọn jáde ní 1986. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ohun tí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Èyí tí ẹlòmíràn bá sọ fún ni, ìbáà jẹ́ olùkọ́, ìbáà jẹ́ ìwé, ìgbàgbọ́ ni títí a ó fi dán an wò. Ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú lè kó ìmọ̀ sí ìhà ilé-ìwé, kó kó ìgbàgbọ́ sí ìhà ilé ìjọsìn, kó wá máa bi ara rẹ̀ bí méjèèjì ṣe lè bára gbé. Lójú àwọn oníṣègùn yẹn, ohun tí o kà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì tí o kò dán wò rí wà níhà kan náà pẹ̀lú ohun tí oníwàásù sọ fún ọ. Mi ò sọ pé ojú yẹn ló tọ̀nà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbéèrè jíjinlẹ̀ ni, èdè rẹ ló sì bí i.

Ó tún yẹ kí o mọ̀ pé ìjà ẹ̀sìn máa ń ti ibi tí èdè méjì ti pàdé wá. Lẹ́yìn ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea ní 325, àwọn kan ní Ìlà-Oòrùn, tó ń sọ Gíríìkì, ń sọ pé hypostasis mẹ́ta ló wà nínú Ọlọ́run. Substantia tí Látìnì ní, bákan náà ni wọ́n ṣe hun ún, "ohun tó dúró sábẹ́", ó sì wá di ọ̀rọ̀ fún ohun kan ṣoṣo tí Ọlọ́run jẹ́. Etí àwọn Látìnì gbọ́ ọlọ́run mẹ́ta. Ní Alexandria ní 362, Athanasius àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó péjọ ṣe ohun tí kò wọ́pọ̀: wọ́n pe àwọn tó ń sọ pé mẹ́ta, wọ́n bi wọ́n ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n pe àwọn tó ń sọ pé ọ̀kan, wọ́n bi àwọn náà. Wọ́n rí i pé ohun kan náà ni wọ́n gbà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ló kù. Èdè ń ṣe ju iṣẹ́ kan lọ nínú ẹ̀sìn. Ibi tó bá ti ń ṣàlàyé, tó ń pàṣẹ, tó ń sọ ìtàn, ó ṣeé túmọ̀, bí nǹkan díẹ̀ bá tilẹ̀ já bọ́ lọ́nà. Ibi tó bá ti jẹ́ pé ìró gan-an ni ìjọsìn, ìtumọ̀ ò lè gbà á rọ́pò. Àwọn Mimamsa, ẹgbẹ́ onírònú kan ní Íńdíà, gbà pé ọ̀rọ̀ Veda, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù, ò ní ẹni tó kọ ọ́, pé ayérayé ni, àwọn tó sì ń há a sórí ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ síwá sẹ́yìn ní onírúurú ètò kí ìró kan ṣoṣo má baà ṣìnà. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, Lárúbáwá ni wọ́n ń fi ka Kùránì nínú ìrun, àlàyé ìtumọ̀ ni wọ́n sì ka èyí tó wà ní èdè mìíràn sí. Síbẹ̀, Abu Hanifa, àgbà onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tó kú ní 767, fọwọ́ sí i kí èèyàn ka á ní èdè Páṣíà nínú ìrun. Abu Yusuf àti al-Shaybani, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ní ó di ẹni tí kò bá lè kà á ní Lárúbáwá, ìròyìn sì wà pé òun náà yí èrò padà. Ní ti Búdà, ìwé àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ó kọ̀ nígbà tí àwọn kan fẹ́ fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú èdè ńlá àwọn Veda. Àwọn Kristẹni sì ń túmọ̀ ìwé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, torí Gíríìkì ni àwọn ìwé ìhìnrere fi kọ ọ̀rọ̀ Jésù sílẹ̀, Árámáíkì ló sì ń sọ nílé. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ rẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí tó ń sọ̀rọ̀ nípa Kùránì, ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ gbà ló sọ. Bó bá jẹ́ Bíbélì ló ń wí, kò bá ìtàn ìwé náà mu.

Ìtumọ̀ ní ewu tirẹ̀, mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ. Nígbà tí Francis Xavier, míṣọ́nárì Kátólíìkì, dé Japan ní 1549, wọ́n bá a wá ọ̀rọ̀ fún Ọlọ́run, wọ́n mú Dainichi. Àwọn àlùfáà Búdà ti ìjọ Shingon gbà á tayọ̀tayọ̀, torí Dainichi ni Búdà tí ìjọ wọn gbé ga jù. Nígbà tó yé Xavier, ó ní kí àwọn èèyàn má gbàdúrà sí Dainichi mọ́, ó padà sí Deus tirẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà tó kọ́kọ́ túmọ̀ ìwé Búdà fi wuwei, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Dao, rọ́pò nirvana, ìdáǹdè tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń wá, ìyẹn sì mú ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ìgbà tí atúmọ̀ Kumarajiva dé ìlú Chang'an ní 401 ni iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ dáadáa. Xuanzang, atúmọ̀ ará Ṣáínà tó lọ sí Íńdíà fúnra rẹ̀ tó sì padà ní 645, ní àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó dára kí wọ́n kàn fi wọ́n sílẹ̀ bí ìró wọn ṣe rí. Àwọn tó ń jọ́sìn pàápàá kì í gba àyípadà wẹ́rẹ́. Ní nǹkan bí 403, bíṣọ́ọ̀bù Augustine kọ̀wé sí Jerome, tó ń túmọ̀ Bíbélì sí Látìnì, pé nígbà tí wọ́n ka ìtumọ̀ tuntun rẹ̀ ní ìlú Oea, tó wà níbi tí Tripoli wà lónìí, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ torí ewéko tó ṣíji bo Jónà: Jerome ti kọ hedera, ìtàkùn kan, dípò kèrègbè tí etí wọn ti mọ́. Díẹ̀ ló kù kí ìjọ fi bíṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Ewéko lásán, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wọn ti gbọ́ kú ni.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti ọwọ́ ẹ̀sìn kan wá lè di ti òmíràn tọkàntọkàn. "Àlùfáà", "àdúrà" àti "wàásù" tí àwọn Kristẹni Yorùbá ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n gba wá, inú Lárúbáwá ni wọ́n sì ti ṣẹ̀. Àwọn Lárúbáwá tó jẹ́ Kristẹni, Allah ni wọ́n ń pe Ọlọ́run. Deus ti wà lẹ́nu àwọn ará Róòmù kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ Jésù. Ìtàn àtijọ́ ọ̀rọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, àwọn tó ń lò ó á wá máa fi ohun tí wọ́n ń ṣe kún un, títí tí tàtijọ́ á fi ṣá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí olùkọ́ rẹ náà gbọ́. Plotinus, tó kú ní 270, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó mọ fìlọ́sọ́fì Gíríìkì jù, fi Gíríìkì kọ ọ́ pé Ẹni Kan tó jẹ́ orísun ohun gbogbo kọjá wíwà, pé "ó wà" pàápàá kò bá a mu. Maimonides (1138 sí 1204), onímọ̀ Júù tó fi Lárúbáwá kọ̀wé, ní ohun tí Ọlọ́run kò jẹ́ nìkan la lè sọ. Àwọn ẹlẹ́sìn Dao bẹ̀rẹ̀ ìwé wọn pẹ̀lú pé Dao tó bá ṣeé sọ, òun kọ́ ni Dao tí kì í yẹ̀. Tí àwa bá ní nǹkan kọjá àfẹnusọ, ibi kan náà la dé. Ibi tí olùkọ́ rẹ rò pé Gíríìkì nìkan lè débẹ̀, àwọn Gíríìkì tó lọ jìnnà jù ló ní ọ̀rọ̀ ò débẹ̀.

Kí ni kí o wá ṣe? Tó bá jẹ́ pé ìwé mímọ́ ẹ̀sìn rẹ lo fẹ́ kọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, kọ́ èdè rẹ̀, kò sí ohun tó lè rọ́pò ìyẹn. Á gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di pé ó ń là ọ́ lójú ju ìtumọ̀ rere lọ, ní ọdún àkọ́kọ́ ó tilẹ̀ lè ṣì ọ́ lọ́nà, torí ẹni tó mọ èdè díẹ̀ máa ń rí àṣírí níbi tí kò sí. Tó bá jẹ́ pé láti gbé ìgbé ayé ẹ̀sìn rẹ lo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n, ka ìtumọ̀ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ìtumọ̀ Yorùbá kan àti Gẹ̀ẹ́sì kan ó kéré tán. Níbi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, dúró, kí o béèrè, torí ibẹ̀ ni èyí tó kọ́kọ́ wà ti ń fún àwọn atúmọ̀ ní wàhálà. Ní ti àdúrà tìrẹ, tí ìwọ nìkan ń gbà, mi ò mọ ẹ̀sìn ńlá kan tó ní kí o má fi èdè rẹ gbà á. Ní kíláàsì, nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé ìjiyàn kan kalẹ̀ nípa Ọlọ́run tàbí ọkàn, lọ fi Yorùbá kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí o tó gbà á tàbí kí o tó kọ̀ ọ́. Ojú ìwé kan á tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, wàá sì rí i fúnra rẹ èyí tó dúró.

Ibì kan wà tí ìmọ̀ tèmi ò dé. Bóyá Ọlọ́run yan èdè kan láàyò, tó fi ara rẹ̀ sínú ìró rẹ̀ lọ́nà tí kò fi sínú òmíràn, ìyẹn kì í ṣe ohun tí onímọ̀ èdè tàbí ti fìlọ́sọ́fì lè dájọ́ lé lórí. Àwọn ẹ̀sìn fúnra wọn ló ń sọ ọ́, wọn ò sì fẹnu kò. Lọ bá àwọn àgbà ẹ̀sìn tìrẹ fún ìyẹn, kí o sì bi wọ́n ní pàtó pé kí ni ẹ̀sìn wa sọ nípa ìtumọ̀, ta ló sọ ọ́, ìgbà wo ló sọ ọ́, àti pé ṣé ẹnì kankan wà nínú àwọn àgbà wa tó sọ ohun tó yàtọ̀.